Ewé Etí Òkun: Ìtàn Àgbo àti Ewé Tíì ní Ilẹ̀ Ìbẹ̀jú àti Lẹ́kì

Kí irin gàgàrà tí ń gbé àpótí ẹrù sókè-sódò tó fìdí múlẹ̀ ní etí òkun Lẹ́kì, kí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Ajah kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé iyanrìn tí àgbọn ń hù lórí rẹ̀ yóò di ohun tí à ń fi owó gegere rà ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń já ewé, wọ́n ti ń sè é, wọ́n sì ti ń tà á. Ìtàn òwò wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ròyìn ilẹ̀ yìí kì í rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju ẹja, àgbọn àti ọkọ̀ òkun lọ.

Ilẹ̀ tóóró ni. Òkun ń ru gùdù níwájú, ọ̀sà sùn sílẹ̀ lẹ́yìn, àbàtà sì wà láàrin. Níbi tí àbàtà bá wà, ẹ̀fọn kì í jìnnà, ibà ni yóò sì máa ṣe onílé níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbo ibà fi jẹ́ ọ̀gá láàrin gbogbo àgbo ìhà náà. Òyìnbó pàápàá bẹ̀rù ibà yìí: ní ọdún 1854 ni dókítà ará Skọ́tláǹdì kan, William Baikie, gbé ọkọ̀ Pleiad gòkè odò Ọya, tí ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuníìnì mu, tí ibà kò sì pa òyìnbó kan ṣoṣo nínú wọn títí wọ́n fi padà. Kí ni kuníìnì? Inú èèpo igi kan tí ń hù lórí òkè ilẹ̀ Peru ni wọ́n ti ń rí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yọ ṣùtì sí èèpo igi inú ìkòkò àwọn ìyá wa, kí ó rántí pé èèpo igi ni ó ṣí ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Alágbo kì í sùn pẹ́. Ìrì ṣì wà lára ewé nígbà tí ó bá mú ọ̀bẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó gé ewé tíì nídìí, tí ó sì dì í bí ẹni di koríko ìbolé. Yóò já ewé ìbẹ́pẹ tí ó ti ń pọ́n, yóò já ti gúáfà, yóò já dóńgóyárò, yóò sì họ èèpo igi máńgòrò ní ìhà kan ṣoṣo, nítorí pé igi tí a bá bó yíká yóò kú. Inú ìkòkò amọ̀ dúdú ni yóò tò wọ́n sí, èèpo nísàlẹ̀, ewé tútù lókè. Yóò la ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, yóò sì fi ewé kókò bo ẹnu ìkòkò kí ó tó dé e. Bí ó bá hó, òórùn ewé tíì ni ó ń kọ́kọ́ jáde, tí ó dùn tí ó sì ta sánsán, kí ìkorò dóńgóyárò tó tẹ̀ lé e. Aláìsàn yóò da aṣọ borí, ooru yóò fọn ọ́n títí òógùn yóò fi bò ó; lẹ́yìn náà ni yóò mu, tí yóò sì fi ìyókù wẹ̀.

Ẹ wo ìkòkò náà dáadáa. Ìbẹ́pẹ àti gúáfà, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Máńgòrò, láti ìhà Íńdíà ni. Dóńgóyárò pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn baba ńlá wa ni ó gbìn ín, ọdún 1928 ni ó ti ilẹ̀ Gánà wọ àríwá Nàìjíríà. Ewé tíì náà, ará Éṣíà ni. Koríko ọba ni àwọn kan ń pè é. Èrò tèmi sì ni pé nígbà tí tíì inú agolo dé láti Ìlú Ọba, tí owó rẹ̀ ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ, koríko yìí ni wọ́n ń da omi gbígbóná lé lórí dípò rẹ̀, ó sì gba orúkọ àlejò náà. Ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ sí pípa ohun àtijọ́ mọ́ nìkan: wọ́n ń gba ohun tí òkun gbé wá, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń wo ohun tí ó bá a mu, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ti ilé.

Orí ọ̀sà ni òwò náà ń gbà. Ọkọ̀ igi ń kó ewé lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti sí Ẹ̀jìnrìn, ìlú tí orúkọ rẹ̀ bá ti ewé ẹ̀jìnrìn dọ́gba, tí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé ná ọjà láyé ijọ́un. Ó sì ń lọ títí dé ọjà Jáńkárà ní Èkó. Elewé ọmọ ń ta tútù, lékúlẹ́jà ń ta gbígbẹ. Ìyá alágbo tó mọṣẹ́ kì í sáré bu àgbo fún oníbàárà, yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni? Òwúrọ̀ ni ara rẹ̀ ń gbóná, àbí alẹ́? Ṣé ó ń bì?” Bí ara ọmọ bá yá, gbogbo agboolé yóò gbọ́, bí inú bá run ún, wọn yóò ti gbọ́ kí ọjà tó tú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan mọ iyì àgbo. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní ọdún 1896 tí ó sì kú ní ọdún 1935, kò ka ewé sí ẹ̀gàn. Ó ń lò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà ní Ifẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ igi àti ewé wa wò.

Lónìí, ewé tíì gbígbẹ ti wọ inú ọ̀rá àti páálí, ó ń wá ẹni tí yóò rà á ní ìlú òkèèrè. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí a kọ ọ́ sára irú páálí egbòogi bẹ́ẹ̀ pé òun kò tíì yẹ ìwòsàn tí a ní ó ń ṣe wò. Mo fara mọ́ ọn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn tí ń da ògógóró lu ohun gbogbo, tí wọ́n ń pè é ní àgbo, ti ba ọjà jẹ́ tó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ewé tí ajílẹ̀ òyìnbó kò kàn lóko, bí a bá fín oògùn sí i nínú àká, asán ni. Abẹ́ òjìji ni kí a ti sá a, nítorí oòrùn gangan ń lé òórùn rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti gbìn ín? Ní ọdún 2006 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún agbègbè òwò Lẹ́kì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari ṣí èbúté Lẹ́kì, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 16.5, ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó tún ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote nítòsí rẹ̀. Mi ò bá èbúté jà, nítorí láti orí òkun ni ìdajì ìkòkò àgbo wa ti wá. Ohun tí ń dùn mí ni pé igbó ń wó, ẹnikẹ́ni kò sì ka iye ewé tí ó bá a lọ. Ọgbà igbó Lẹ́kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 kò ju hẹ́kítà 78 lọ, kì í sì í ṣe oko.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin olórí ẹbí ní Ìbẹ̀jú, ní Àkòdo, ní Orímẹdú, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tó kù, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ewé, kí ẹ sì fi í sí ìkáwọ́ àwọn ìyá tí ó mọ̀ ọ́n pò, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti fi han àwọn ọmọ.