Kí Àgọ́ Tó Dúró ní Barranco

Ṣóńṣó òkè Kilimanjaro ga ní mítà 5,895, òun sì ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Ọjọ́ tí mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ yìí kò dé ibẹ̀ rárá. Ọjọ́ kẹta lójú ọ̀nà Machame ni, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agunkè máa ń kúrò ní Shira, tí wọ́n á gùn dé àpáta Lava Tower, tí wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní àfonífojì Barranco. Mọ́tò kì í dé Barranco. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Àgọ́, oúnjẹ, gáàsì, àga, tábìlì, orí àti èjìká ènìyàn ni gbogbo wọn ń bá débẹ̀.

Aago 6 àárọ̀

Ọ̀dọ́kùnrin kan fọwọ́ gbá ara àgọ́ wa, ó gbé tíì atalẹ̀ gbígbóná dání. Bí mo ṣe ń fa síìpù, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dì sára aṣọ àgọ́ lóru já lé mi lọ́rùn. Nǹkan bíi mítà 3,800 la sùn. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú wa. Òun ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ kí ní "Shikamoo" kó tó na ife sí i, torí ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ ní Tanzania kì í kí àgbà bó ṣe ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Wákàtí tirẹ̀ pàápàá yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni àwọn tó ń sọ èdè Swahili ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago, aago 7 tiwa ni aago 1 tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí ti jí tipẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti lọ pọn omi tíì yẹn.

Aago 7

A mu uji, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ògì, pẹ̀lú ẹyin díndín. Olórí àwọn afinimọ̀nà fi ẹ̀rọ kékeré kan há wa níka lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Tèmi jẹ́ 86. Dókítà tó bá rí iye yẹn lára aláìsàn ní Èkó á pariwo ọ́síjìn. Afinimọ̀nà kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní ó dára. Ó bi wá bóyá orí ń fọ́ wa, bóyá a sùn, bóyá a ń tọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó tijú láti dáhùn.

Aago 8

A gbéra. Omi, aṣọ òjò àti ìpápánu ló wà nínú báàgì tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kí a tó rìn jìnnà, wọ́n ti ń tú àgọ́ lẹ́yìn wa. Aláàárù mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń wà fún agunkè kan ṣoṣo. Òfin ọgbà ìjọba tó ni òkè náà ni pé ẹrù tí wọ́n bá rù fún oníbàárà kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní ẹnubodè. Aṣọ òtútù àti oúnjẹ tí aláàárù máa lò fúnra rẹ̀ kò sí nínú kílò 20 yẹn.

Aago 9 ààbọ̀

Àwọn aláàárù lé wa bá. "Pole pole" ni afinimọ̀nà ń sọ fún àwa, pé ká máa rọra. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wọn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan fi aṣọ ṣe òṣùká, ó gbé àpò àgọ́ lé e, kò fọwọ́ dì í mú. Òmíràn gbé sílíńdà gáàsì. Ẹni tó kẹ́yìn wọn so kéréètì ẹyin méjì pọ̀ mọ́ra, ó fi í dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹrù ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń fo láti orí òkúta kan bọ́ sí òmíràn. Ẹyin yẹn la jẹ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní oríta kan, púpọ̀ nínú wọn yà sí ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó lọ tààrà sí Barranco. Àwa forí lé òkè.

Aago 12 ààbọ̀

Lava Tower, nǹkan bíi mítà 4,600. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò yí padà ní ìpín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti fúyẹ́ débi pé agbára tó fi ń tẹ̀ wá kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun. Ènìyàn á mí, kò sì ní tó o. Ìdí tí wọ́n fi ń mú wa gba ibẹ̀ ni pé ara máa ń kọ́ òkè bí a bá gùn ún ga lọ́sàn-án, tí a sì sùn nísàlẹ̀ lóru.

Ìyá kan nínú wa bì. Afinimọ̀nà kúnlẹ̀ tì í, ó ń pè é ní "Mama", ó ní kó rìn lórí ìlà kan kí òun wò ó bóyá ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Kò ta. Ó gba báàgì rẹ̀ gbé, ó sì ní kí àwọn méjèèjì máa sọ̀ lọ ní tiwọn ṣáájú. Oògùn tó ju sísọ̀ kalẹ̀ lọ kò sí fún àìsàn tí òkè gíga ń fà yìí. Ẹni tó ń fi ìtìjú pa á mọ́ra ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Aago 2 ọ̀sán

Inú kùrukùru la ti ń sọ̀, àfi bí àwọn igi kan ṣe yọ sí wa. Dendrosenecio kilimanjari lorúkọ wọn nínú ìwé, orí òkè yìí nìkan ni wọ́n sì ti ń hù láyé. Ewé wọn tó bá kú kì í já bọ́. Ara igi ló ń rọ̀ mọ́, tó nípọn bí agbádá, kí òtútù má bàa dé inú. Bí alẹ́ bá lẹ́, ewé tútù tó wà lórí á pa dé bo ọ̀mùnú. Lobelia deckenii tó wà nítòsí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ń tọ́jú omi sáàárín ewé rẹ̀. Lóru, òkè omi náà á dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dì, ibẹ̀ ni ọ̀mùnú wà. Mo tẹ ìka mi bọ inú ọ̀kan. Omi náà tutù débi tó ń dunni.

Aago 4

Barranco, nǹkan bíi mítà 3,950. Àgọ́ ti dúró. Omi gbígbóná wà nínú bàsíà níwájú ilẹ̀kùn wa, gúgúrú àti ẹ̀pà wà lórí tábìlì. Ó rọrùn láti rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá ibẹ̀, nítorí náà mo béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹnìkan ló sáré ṣáájú láti lọ gba ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹgbẹ́ mìíràn tó gbà á. Ilẹ̀ náà le, èèkàn kò wọlé, òkúta ni wọ́n wá kiri láti so okùn àgọ́ mọ́. Àwọn méjì lọ sí odò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹni tó gbé ẹyin yẹn ni wọ́n ní kó se gúgúrú.

Kùrukùru ká, yìnyín ńlá Heim sì yọ lókè orí wa. Láti 1912 sí 2007, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín òkè yìí ló ti lọ.

Aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Òtútù dé lójijì. Àwọn aláàárù tiwa jókòó yí ìkòkò ugali ká, òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, wọ́n ń fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Ní àgọ́ tó múlé tì wá, tí mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, mo rí ọmọkùnrin kan tó wọ bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn ń jẹun lóòjọ́. Inú bí mi, ó sì ń bí mi dòní. Àwọn Kilimanjaro Porters Assistance Project wà ní ìlú Moshi tí wọ́n ń yá aláàárù ní aṣọ òtútù àti bàtà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ agunkè kò yẹ kó fi bàtà ọmọ yìí sílẹ̀ fún aláàánú. Kí ẹni tó fẹ́ lọ tó sanwó, kó béèrè iye tí wọ́n ń san fún aláàárù, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jẹun, inú àgọ́ wo ló ń sùn. Bí wọn kò bá dáhùn kedere, kó wá ilé iṣẹ́ mìíràn.

Aago 8 alẹ́

Ìyá wa jẹ ọbẹ̀, ó sì dúró nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìka ní ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Afinimọ̀nà wá sọ ètò ọjọ́ kejì fún wa: ògiri Barranco ló kàn, àpáta tó ga ní nǹkan bíi mítà 250, níbi tí a máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbá àpáta mọ́ra kó tó lè kọjá. Aláàárù náà á gba ibẹ̀ pẹ̀lú kílò 20 lórí. Ó ní bí ẹ bá gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn, ẹ fara ti inú àpáta, ẹ má dúró sí etí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.