Ẹ̀yáwó Ilẹ̀ Òkèèrè àti Ilé Iṣẹ́ Bátìrì Skellefteå, 2016 sí 2025

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù ti gbé bátìrì lithium wá sí ọjà ní ọdún 1991 ni ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà. Àwọn ará Jàpáànù ni ó kọ́kọ́ ń ṣe é, àwọn ará Kòríà tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Ṣáínà sì wá gba iwájú lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn ará Yúróòpù kò tètè ka èyí sí ewu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú pópó, ojú wọn là. Bátìrì ni ó gbówó lórí jù lọ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe é fúnra rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó lè ṣe é ni yóò máa wò.

Ní ọdún 2016 ni Peter Carlsson, ọmọ Swídìn tí ó ti ṣe ọ̀gá níbi ìkóhun-èlò-jọ ní ilé iṣẹ́ Tesla ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Northvolt. Ibi tí ó yàn ni Skellefteå, ìlú àwọn awakùsà ní ìhà àríwá Swídìn, níbi tí odò ti ń pèsè iná mànàmáná lówó pọ́ọ́kú. Iná wà, ilẹ̀ wà. Owó ni kò sí.

Ilé iṣẹ́ bátìrì kì í ṣe ohun tí a ń fi èrè ọdún kan kọ́. Ó ń gba owó rẹpẹtẹ fún ọdún mélòó kan kí ó tó ta ẹyọ kan ṣoṣo, èlé orí owó náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ni ọ̀rọ̀ náà kọjú sí. Ní 2018, Báńkì Ìdókòwò ti Ilẹ̀ Yúróòpù yá Northvolt ní 52.5 mílíọ̀nù owó yúrò fún ilé ìdánwò kan ní Västerås. Ní 2019, Volkswagen, BMW àti Goldman Sachs wọlé gẹ́gẹ́ bí alájọni. Ní oṣù keje 2020 ni ẹ̀yáwó ńlá àkọ́kọ́ dé: bílíọ̀nù 1.6 dọ́là, láti ọ̀dọ̀ àwọn báńkì, àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn àjọ ìjọba lóríṣiríṣi. Ìjọba Jámánì ṣe onígbọ̀wọ́ apá kan nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Swídìn ni a ó kọ́ ilé náà sí. Kì í ṣe àánú ni ó mú wọn ṣe é. Bátìrì náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní Jámánì ń fẹ́.

Kí ni a wá fi dógò? Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá yáwó a máa fi ìwọ̀fà sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà náà ni yóò sì dúró fún èlé. Ohun tí Northvolt ní láti fi han àwọn olówó kò ju ìwé àdéhùn àwọn oníbàárà lọ, tí iye wọn lé ní àádọ́ta bílíọ̀nù dọ́là. Ti BMW nìkan tó bílíọ̀nù 2 yúrò. Bátìrì tí a kò tíì ṣe ni ó dúró fún owó tí a ti ná. Ìdè yìí le púpọ̀: owó ẹ̀yáwó rọ̀ mọ́ àdéhùn, àdéhùn rọ̀ mọ́ ọjà tí ó bá dé lásìkò, ọjà sì rọ̀ mọ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ọwọ́ náà ni kò sì tíì sí.

Ní òpin oṣù Kejìlá 2021 ni ẹyọ bátìrì àkọ́kọ́ jáde, ayọ̀ sì pọ̀ ní Skellefteå. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ẹyọ kan, ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye tí gbogbo wọn dọ́gba. Bí eruku bíńtín tàbí ìrì bá wọ inú rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ti wá, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò sì kéré níye ní Swídìn. Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti ojú ogun wá ọfà. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kàkà kí àwọn ọ̀gá dúró ti ilé kan yìí títí yóò fi gún, wọ́n tún ń gbèrò òmíràn ní Jámánì àti ní Kánádà. Àṣìṣe wọn tí ó burú jù nìyí, àwọn olówó tí ó ń pàtẹ́wọ́ sì pín nínú ẹ̀bi rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n kéde ẹ̀yáwó mìíràn, bílíọ̀nù 5 dọ́là, tí báńkì ìṣòwò mẹ́tàlélógún lọ́wọ́ sí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Olórí Ìjọba Jámánì, Olaf Scholz, lọ sí ibi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ó wà nítòsí Heide, èyí tí báńkì ìjọba, KfW, ti tìtorí rẹ̀ yá wọn ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù yúrò. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, BMW fagi lé àdéhùn tirẹ̀. Irú ẹ̀yáwó ńlá bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlérí bá ti ń ṣẹ ni àpò ń ṣí. Nígbà tí ìlérí kò ṣẹ mọ́, àpò dí. Ní oṣù kẹsàn-án, a dá 1,600 òṣìṣẹ́ dúró. Ulf Kristersson, Olórí Ìjọba Swídìn, ní ìjọba kò ní í ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 2024, Northvolt sá di òfin Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo onígbèsè. Nígbà náà, gbèsè ọrùn rẹ̀ ti tó bílíọ̀nù 5.8 dọ́là, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 30 mílíọ̀nù lọ. Carlsson fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Adìẹ bà lókùn: bí àwọn olówó bá fà á, gbogbo rẹ̀ a já, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀, wọn yóò tún máa fi owó lé owó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 2025 ni ilé iṣẹ́ náà kéde ní Swídìn pé òun ti wọko gbèsè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Jámánì, àpò ìjọba ni ó san owó KfW padà, ariyanjiyan sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bí a ṣe fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ilé iṣẹ́ bátìrì tí ó bá tún fẹ́ yáwó ní Yúróòpù, orúkọ Northvolt ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́nu àwọn olówó. Ní oṣù kẹjọ 2025, Lyten, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, kéde pé òun ti ṣe àdéhùn láti ra èyí tí ó ṣẹ́kù ní Skellefteå, ní Västerås àti nítòsí Heide.