Ìpadàsílé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ òróòro ọmọdé

Ìpadàsílé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ òróòro ọmọdé ni ìlànà ìṣègùn tó ń gba ọmọdé tí wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀ láyè láti padà sílé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, láì sùn mọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ìlànà yìí wà fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti pàjáwìrì. Ní ilẹ̀ Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìlaròó àti Ayétòrò wà, ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú ìpinnu náà: jẹ́nótáìpù ọmọ, àti bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ilé ìwòsàn.

Òróòro àti òkúta inú rẹ̀

Àpò òróòro jẹ́ àpò kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ní apá ọ̀tún ikùn. Ibẹ̀ ni omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe máa ń gbára jọ sí. Bí ènìyàn bá jẹun, àpò náà yóò fún omi yìí sínú ìfun láti bá ara da ọ̀rá inú oúnjẹ. Nígbà mìíràn, omi náà a máa dì di òkúta, òkúta náà a sì dí ojú ọ̀nà. Inú yóò máa run ọmọ náà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá. Ó lè máa bì, ẹyinjú rẹ̀ sì lè dà bí àwọ̀ ìyeyè, èyí tí àwọn ará ilé lè pè ní ibà pọ́njú.

Okùnfà

Ní Nàìjíríà, àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde jẹ́ okùnfà pàtàkì fún òkúta òróòro lára ọmọdé. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AA, ṣùgbọ́n nínú ara ọmọ SS, kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ kí ó tó fọ́. Àwọ̀ tó ń jáde lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ yìí, tí a ń pè ní bílírúbíìnì, yóò pọ̀ jù nínú òróòro, yóò sì di òkúta. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ewu náà ń pọ̀ sí i. Nǹkan bí ẹni 1 nínú ọmọ Nàìjíríà 4 ló jẹ́ AS.

Nítorí pé inú rírun tún wà lára àmì àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde fúnra rẹ̀, òkúta lè pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò síkáànì ikùn ló ń fi í hàn. Oògùn ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí a ń lò fún àkóràn, lè mú kí ohun tó jọ òkúta hàn nínú síkáànì. Irú èyí sábà máa ń yọ́ dànù lẹ́yìn tí a bá dá oògùn náà dúró.

Ìtàn

Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò òróòro ènìyàn, ní ìlú Berlin, ní ọdún 1882. Fún ohun tó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn náà, lílà ikùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1985, Erich Mühe, dókítà ará Jámánì, yọ ọ́ láti ojú ihò kékeré. Èrò pé ọmọdé lè padà sílé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ ti wà ṣáájú èyí: ní 1909, James Nicoll jábọ̀ iṣẹ́ abẹ 8,988 tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ní Glasgow láì dá wọn dúró sùn. Ní àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà, irú ètò yìí wà fún iṣẹ́ abẹ ìpá ọmọdé.

Bí a ṣe ń ṣe é

Lẹ́yìn oògùn akunnilóorun, oníṣẹ́ abẹ yóò dá ihò kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ikùn, yóò fẹ́ gáàsì wọ inú rẹ̀ kí àyè lè wà, yóò sì fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo ohun tó ń ṣe. Gáàsì tó kù lè mú kí èjìká máa ro ọmọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, wọ́n ń la ikùn, ọmọ a sì máa lo ọjọ́ mélòó kan ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀dọ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Omi rẹ̀ yóò máa ṣàn tààrà sínú ìfun, ọmọ á sì máa jẹun bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tó lè padà sílé

Kí a tó fi ọmọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti jí dáadáa, kí ó lè mu omi láì bì í, kí ó lè rìn, kí oògùn mímu bíi parasitamọ́ọ̀lù sì ká ìrora rẹ̀. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, kí fóònù àti ọkọ̀ sì wà nítòsí. Ìlànà yìí kò bá ọmọ tí àpò òróòro rẹ̀ ti wú tàbí tí òkúta ti bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹ̀dọ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ ọmọ SS yàtọ̀. A sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ṣáájú, kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tó nǹkan bí 10. Lẹ́yìn náà ó nílò omi, ooru ara, àti mímí kíkún. Ewu tó tóbi jù ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó lè dé ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn tí ọmọ ti dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Nítorí náà, a sábà máa ń dá a dúró.

Ní ilẹ̀ Yewa

Ìlaròó jìnnà sí Abẹ́òkúta tó nǹkan bí kìlómítà 50, Ayétòrò sì tó nǹkan bí 35. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kan oníṣẹ́ abẹ ọmọdé lè gba pé kí wọ́n kọ̀wé darí ọmọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta, Ṣágámù, Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìpadàsílé kíákíá ń dín owó ibùsùn kù, ó sì ń jẹ́ kí òbí tètè padà sí oko tàbí ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní abúlé lẹ́bàá ẹnubodè lè ṣàìrí ọkọ̀ bí ara rẹ̀ bá yí padà lóru. Fún irú rẹ̀, sísùn ní ilé ìwòsàn, tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tó wà nítòsí rẹ̀, kò léwu tó pípadà sílé lọ́jọ́ náà.

Àmì ewu

Bí inú rírun bá ń pọ̀ sí i, bí ikùn bá wú, bí ibà, èébì tí kò dá, ẹyinjú aláwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ dúdú tàbí ìgbẹ́ funfun bá dé, ó yẹ kí a gbé ọmọ padà sí ilé ìwòsàn kíá. Fún ọmọ SS, àyà dídùn tàbí mímí sókèsódò jẹ́ pàjáwìrì.