Dókítà Bellini àti kòkòrò inú omi tó ní òòfà nínú

Ìtàn tòní kò ṣẹlẹ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n ó kàn wá.

Ní ọdún 1963, dókítà kan wà ní Yunifásítì Pavia, ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Salvatore Bellini lorúkọ rẹ̀. Níbi tó ti ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ omi wò, ó rí àwọn kòkòrò tíńtín, bakitéríà, tí wọ́n ń wẹ̀ lọ sí ọ̀nà kan náà: àríwá. Nígbà tó mú irin òòfà sún mọ́ wọn, wọ́n yí ọ̀nà padà. Bellini sọ pé ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà nínú ara wọn tó ń ṣe bíi kọ́ńpáàsì àwọn awakọ̀ òkun. Ó kọ ìwé méjì lórí rẹ̀, ní èdè Ítálì. Ìwé náà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Richard Blakemore ń wá irú bakitéríà mìíràn nínú ẹrẹ̀ etí òkun Massachusetts. Òun náà rí àwọn tó ń sáré lọ sí apá kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó bo awò náà, wọn kò yà. Ó gbé e lọ sí yàrá mìíràn, ibì kan náà ni wọ́n tún dorí kọ. Ìgbà tó mú irin òòfà wá ni àṣírí tú. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1975, láìmọ̀ pé ẹnìkan ti rí i ní ọdún 12 ṣáájú.

Kí ló wà nínú wọn? Ní ọdún 1979, Blakemore àti Richard Frankel pẹ̀lú Ralph Wolfe fi hàn pé magnetite ni, irú òkúta irin tó máa ń fa irin. Bakitéríà náà ló ń fi irin inú omi ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà láàárín nanomítà 35 sí 120. Bí a bá to 20,000 ẹyọ tó jẹ́ nanomítà 50 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mílímítà 1 péré ni wọn yóò gùn.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ẹyọ bá kéré jù, ooru lásán yóò máa da òòfà rẹ̀ rú. Bí ó bá tóbi jù, òòfà inú rẹ̀ yóò pín sí ọ̀nà púpọ̀, wọn yóò sì máa pa agbára ara wọn. Láàárín méjèèjì, ẹyọ kan jẹ́ òòfà kan ṣoṣo tó pé. Bakitéríà á wá to wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, kí agbára wọn lè para pọ̀. Òòfà ayé kì í fà á lọ. Ńṣe ló kàn ń yí i sí ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìrù rẹ̀ wẹ̀. Kódà èyí tó ti kú á ṣì yí, ṣùgbọ́n kò ní lọ.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọn kò fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀. Ní apá àríwá ayé, òòfà ayé dagun, ó sì dorí kọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí àríwá á dé inú ẹrẹ̀. Ní apá gúúsù, ó yí padà: ní ọdún 1980, wọ́n rí àwọn tó ń lọ sí gúúsù ní New Zealand àti Ọsirélíà. Ní Fortaleza ní Bràsíl, níbi tí òòfà ayé ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ nígbà náà, wọ́n rí oríṣi méjèèjì pọ̀, ní ọdún 1981. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ gba apá àríwá Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríwá ni a wà nínú máàpù ayé, gúúsù ìlà òòfà ni Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ wà.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń sin bakitéríà yìí nítorí ẹyọ wọ̀nyí, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò wọ́n. Wọ́n ń dán an wò bóyá ó lè gbé oògùn lọ síbi tí àìsàn wà, tàbí kó gbóná láti pa kókó jẹjẹrẹ.

Bellini ńkọ́? Ọdún 2009 ni wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 46! Blakemore kò jí i. Kò rí i kà ni. Bellini rí òótọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀.

Àwa tí ààlà pín sí méjì, tí àwọn ọmọ wa ń kàwé ní Faransé, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ohun tí àgbà apẹja mọ̀ nípa omi, tí amọ̀kòkò mọ̀ nípa amọ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ó má baà sọnù, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kí ó lè rìn jìnnà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ni yóò bu ẹrẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́ wò lọ́jọ́ kan, tí yóò sì sọ ohun tó rí fún wa ní èdè tiwa.