Ìwé Ìtọ́kasí Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà fún Àwọn Tó Ń Kọ Ètò Ìṣiṣẹ́

Ìwé ìtọ́kasí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ìwé tí àwọn tó ṣe ọpọlọ náà fi ń ṣàlàyé ohun tí yóò ṣe nígbà tí a bá fún un ní ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ áàpù lè má ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, irú bíi Windows tàbí Linux, ló ń bá a bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ ètò ìṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní alágbàsọ kankan. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà.

Àwọn ìwé tó wà

Ìdìpọ̀ mẹ́rin ni ìwé Intel. Ìkíní sọ̀rọ̀ nípa ìpìlẹ̀, ìkejì nípa ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan, ìkẹta nípa iṣẹ́ ètò ìṣiṣẹ́, ìkẹrin sì nípa àwọn rẹ́jísítà tó yàtọ̀ láti ọpọlọ kan sí òmíràn. AMD ní ìdìpọ̀ márùn-ún. Ìkejì ni ti ètò ìṣiṣẹ́. Arm náà ní tirẹ̀. RISC-V, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 2010, ya ìdìpọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ètò ìṣiṣẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Ohun tí a ń wá nínú wọn

Èkíní ni ipò àṣẹ, èyí tí ń ya ètò ìṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára áàpù. Lórí ọpọlọ Intel, ipele 0 ló ga jù, ipele 3 sì ni ti áàpù. Lórí ti Arm, EL0 ló rẹlẹ̀ jù. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ ọ̀kan lé èkejì lórí yóò ṣìnà.

Èkejì ni ìrántí. Ọpọlọ a máa pín in sí ojú-ewé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ni yóò sọ bí a ṣe ń kọ àtẹ tó ń tọ́ka sí wọn.

Ẹ̀kẹta ni ìdílọ́wọ́, èyí tí ń mú ọpọlọ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti dáhùn sí ohun mìíràn. Intel fún wọn ní nọ́ńbà 0 títí dé 255, ó sì fi 0 sí 31 pamọ́ fún ìlò ọpọlọ fúnra rẹ̀.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kà á

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Windows, macOS, Linux àti FreeBSD ní láti tún àléébù kan náà ṣe. Ìtọ́ni MOV SS àti POP SS a máa dá àwọn ìdílọ́wọ́ kan dúró títí ìtọ́ni tó tẹ̀ lé wọn yóò fi parí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ètò kò rò ni pé ìtọ́ni tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ èyí tó ń pe ètò ìṣiṣẹ́. Nígbà náà, ìdílọ́wọ́ tí áàpù dá sílẹ̀ yóò dé nígbà tí ọpọlọ ti wọ ipele 0, ètò ìṣiṣẹ́ yóò sì rò pé òun ló ni ín. Ẹni tó ti wà lórí ẹ̀rọ náà lè tipa bẹ́ẹ̀ dá a dúró, tàbí, lórí àwọn ètò kan, kí ó gba àṣẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àlàyé wà nínú ìwé. Kò yé àwọn tó kà á tó bó ṣe yẹ ni.

Ìmọ̀ràn wa

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ka ìwé wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ka ìpìlẹ̀, kí ẹ sì máa padà sí ibi tí iṣẹ́ yín bá kàn. Ẹ lo ẹ̀dà tuntun, kí ẹ sì wo àkójọ àṣìṣe tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde nípa ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi xv6, ètò kékeré tí MIT ṣe fún ìkọ́ni, dán ohun tí ẹ kà wò. Bí gbólóhùn kan bá rú yín lójú, ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ètò lé e lórí. Abéèrè kì í ṣìnà.