Tábà, sìgá àti àwa ọmọ Agbamu

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tó wà níbí, ọ̀rọ̀ sìgá ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ìwàásù o, ìtàn ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní Agbamu máa ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ló bàjẹ́, pé láyé tiwọn, ọmọ kékeré kì í fa nǹkan kan. Mo ní, ṣé lóòótọ́? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí tábà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa rárá. Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn òyìnbó ló gbé e sọdá òkun lẹ́yìn 1492. Àwọn awalẹ̀pìtàn tiẹ̀ máa ń fi ìkòkò tábà alámọ̀ mọ ọjọ́ orí ibi tí wọ́n ń gbẹ́. Bí wọ́n bá ti rí i nínú ilẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ìpele yẹn kò lè pẹ́ ju nǹkan bí 1600 lọ.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní Bahia, ní Brazil, wọ́n ń gbin tábà tó dára fún Lisbon. Èyí tí Lisbon kò fẹ́, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké dúdú pa á lára kó má gbẹ, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ wá sí Ouidah, Porto-Novo àti Èkó. Kí ni wọ́n ń fi í rà? Èèyàn. Odidi èèyàn! Tábà tí òyìnbó kọ̀ ni wọ́n fi ń ra ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó yá, tábà di nǹkan àgbà. Bàbá ń fa ìkòkò, ìyá ń fi aáṣáà sẹ́nu. Ibí yìí ni mo ti gbà fún àwọn àgbà díẹ̀: ìkòkò kì í ṣe nǹkan tí ọmọ lè fi pamọ́ sápò. Sìgá ló yí i padà. Ó kéré, ó rọrùn láti fi pamọ́, wọ́n sì ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 1933, ilé iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Òṣogbo, ó dé Ìbàdàn ní 1937. Ojú irin tó gba Òṣogbo kọjá náà ló gba Ọ̀fà, Ọ̀fà sì ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà nítòsí wa. Wọ́n ń gbin ewé rẹ̀ ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Nígbà tó yá, Ìlọrin náà ní ilé iṣẹ́ sìgá tiẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pè é ní nǹkan Èkó fún mi jàre.

Òfin wà o. Ìjọba ológun ṣe ọ̀kan ní 1990. Ti 2015 le jù ú lọ: kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé 18, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá lọ sí kíóòsì èyíkéyìí lálẹ́ kí ẹ wò ó.

Mo bá àwọn ọmọkùnrin mélòó kan sọ̀rọ̀ ládùúgbò wa. Ẹ mọ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀? Àgbàlagbà ló rán wọn níṣẹ́: “Bá mi ra sìgá kan, kí o tan án wá.” Sìgá kì í sì í ràn dáadáa bí wọn kò bá fà á. Àwọn àgbà tó ń bú wọn yìí náà kọ́ ni àbí?

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 17, ní Tom Tom lòun máa ń lá kí ìyá òun má bàa gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Agbamu kì í ṣe ìlú tí nǹkan ń pamọ́. Ìròyìn ti délé kó tó dé. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má wá sílé àwọn mọ́. Adìẹ ẹnì kan sọnù, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó ní èyí dun òun ju ikọ́ lọ.

Ikọ́ náà wà ṣá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni èròjà nicotine ń dé ọpọlọ, ọpọlọ ọmọ ọdún 17 kò sì tíì dàgbà tán, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè mú wọn lẹ́rú. Ẹ̀dọ̀fóró wọn náà ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, èéfín kì í jẹ́ kó dàgbà tó bó ṣe yẹ. Apá ọ̀tún ni ọmọ yìí ń gbá nínú bọ́ọ̀lù, eré rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ó ti dúró, ó di orúnkún mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ti fi í sójú ilé.

Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé àwọn ilé iṣẹ́ sìgá lọ sílé ẹjọ́, ti Ìlọrin náà wà nínú wọn. Ní December 2023, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, bu owó ìtanràn $110 mílíọ̀nù lé British American Tobacco. Mo sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Ó béèrè pé, “Ta ni wọ́n san án fún?”

Bí ìyá tàbí bàbá yín bá rántí ìgbà tí sìgá kọ́kọ́ dé ìlú yín, yálà Òmù-Àrán ni o, Èsìẹ́ ni o, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo ń kó wọn jọ.