Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Ìlànà Ìjọba

Ìlànà ìjọba tó fẹ́ sọ ọ̀dọ́ di oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tó dojú kọ.

Ìyàtọ̀ láàárín òfin, ìlànà àti ètò ló yẹ kó ṣáájú, nítorí àwọn oníròyìn a máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní 1977 jẹ́ ìlànà: ó la ọ̀nà tí ilé ẹ̀kọ́ yóò tọ̀. Èyí tó gbé NITDA, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, dúró ní 2007 jẹ́ òfin: ilé aṣòfin ló ṣe é, ẹni tó bá rú u lè jìyà. 3MTT (3 Million Technical Talent), tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, jẹ́ ètò: ó ní iye ènìyàn tó fẹ́ kọ́.

Mílíọ̀nù mẹ́ta ni iye náà, ó sì wà nínú orúkọ ètò ọ̀hún. Talent tó parí orúkọ náà ló gba àròjinlẹ̀. Ẹ̀bùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n Elédùmarè ló ń fi ẹ̀bùn jíǹkí ènìyàn. Ìjọba kankan kò lè kọ́ni ní i. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló bá a mu. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tipẹ́, ó sì sọ nǹkan méjì: ó kọ́ṣẹ́, ó mọṣẹ́. Aránṣọ tó gba ọmọ iṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà dunjú. Ọmọ lè lo ọdún mẹ́ta nídìí máṣíìnì. Bí kò bá tíì lè dá gé bùbá kó sì rán an pé, kò tíì tó fírídọ́ọ̀mù ṣe. Bákan náà, ìjábọ̀ ètò tó bá ka àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀, tó ka àwọn tó mọṣẹ́ lọ́tọ̀, ni aráàlú lè fọkàn tán.

Ohun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní lọ́wọ́ ni ìmọ̀ọ́ṣe (skill). Mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ gba ìṣọ́ra, torí ẹni tó ń gba owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Oníṣẹ́ gbòòrò jù ú lọ: ó gba ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ ńlá, ó sì gba ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú, bí kò bá ti ní ìtumọ̀ mìíràn nígboro. Dátà ti ní. Ohun tí wọ́n ń rà sórí fóònù ni. Bí ìwé ìkọ́ni bá pe ẹni tó ń yẹ ìsọfúnni wò fínnífínní ní oníṣẹ́ dátà, ẹni tó ń tà á ni òǹkàwé yóò rò. Atúpalẹ̀ ìsọfúnni ló yẹ kí wọ́n pè é.